Àkókò Ẹyin: Ohun Tó Yẹ Kí Tọkọtaya Agbègbè Apple Junction Mọ̀ Kí Wọ́n Tó Ṣe IVF

Ẹni tó ń wá ọmọ kì í wá ìmọ̀ràn tì. Ìyá ọkọ á ní kí wọ́n lọ rí ẹnì kan ní Àgbádárìgì, ọ̀rẹ́ á júwe àgbo, wòlíì á gbé ààwẹ̀ kalẹ̀, pátákó ilé ìwòsàn á sì máa wo wọ́n láti ojú títì bí wọ́n ṣe ń kọjá ní Apple Junction, nítòsí Festac l'Ékòó. Orí yìí kò bá ẹnikẹ́ni du àdúrà. Ohun tí mo fẹ́ kí tọkọtaya mọ̀ níbí ni bí ẹyin obìnrin ṣe ń dàgbà, torí pé ẹyin yẹn ló ń dájọ́ fún gbogbo ohun tí dókítà yóò ṣe nínú IVF, ìyẹn mímú kí ẹyin àti àtọ̀ pàdé lóde ara. Ọjọ́ àyẹ̀wò, wákàtí abẹ́rẹ́, àárọ̀ tí wọ́n á kó ẹyin, ọjọ́ tí wọ́n á gbé ọlẹ̀, ìyẹn ẹyin tó ti gba àtọ̀, padà sínú ilé ọmọ: kò sí èyí tí a lè sún síwájú tàbí sẹ́yìn bó ṣe wù wá. Ẹni tí èyí bá yé yóò mọ ohun tó yẹ kó yára sí, yóò sì mọ ohun tí kò yẹ kó sanwó fún.

Ẹyin ti wà kí wọ́n tó bí yín

Ọmọbìnrin kì í dúró di ìgbà tó bá bàlágà kó tó ní ẹyin. Inú ìyá rẹ̀ ló ti ń kó wọn jọ. Nígbà tí oyún bá pé nǹkan bí ogún ọ̀sẹ̀, ẹyin tó wà nínú ilé ẹyin ọmọbìnrin tó wà nínú oyún náà máa ń tó mílíọ̀nù 6 sí 7. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń kú. Nígbà tí wọ́n bá máa fi bí i, yóò ti ku bíi mílíọ̀nù 1 sí 2. Nígbà tó bá kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù, yóò ku bíi 300,000 sí 400,000. Nínú gbogbo wọn, 400 sí 500 péré ni yóò gbó tí yóò sì jáde kí nǹkan oṣù tó dá. Kò sí oúnjẹ, àgbo tàbí abẹ́rẹ́ kankan tí wọ́n ń lò fún èèyàn lónìí tó lè fi tuntun kún wọn.

Ẹyin ni sẹ́ẹ̀lì tó tóbi jù lọ lára obìnrin, síbẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá milimita lọ. Kí wọ́n tó bí ọmọ náà ni ẹyin kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín krómósómù rẹ̀, tó sì dá iṣẹ́ náà dúró láàbọ̀. Ó lè dúró bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó lè dúró fún ogójì ọdún. Nígbà tí họ́mónù LH bá ru sókè ní oṣù tí yóò jáde, ó máa ń tún gbéra: yóò ti ìdajì nínú krómósómù 46 rẹ̀ jáde, yóò fi 23 sílẹ̀, yóò sì tún dúró. Bí àtọ̀ kò bá wọ inú rẹ̀, kò ní parí ìpín kejì láéláé.

Ìdúró gígùn yẹn ni ọjọ́ orí fi ń rí ẹyin mú. Ohun tó di krómósómù pọ̀ máa ń dẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún, tí ọjọ́ ìpín bá wá dé, ọ̀kan lè ṣẹ́kù síbi tí kò yẹ. Irú ẹyin bẹ́ẹ̀ lè má gba àtọ̀, ó lè di oyún kó sì wálẹ̀, ó sì lè di ọmọ tó ní àrùn Down. Obìnrin ẹni ọdún 42 tó ń fi àárọ̀ sáré yí Festac ká, tí ara rẹ̀ le tí awọ rẹ̀ ń dán, ẹyin ẹni ọdún 42 ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ojú yín kò jọ ti àgbà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn sún ọjọ́ tí ẹ máa lọ rí dókítà.

Àpò omi kékeré kan ló yí ẹyin kọ̀ọ̀kan ká, àpò yìí ló sì ń dàgbà tí ẹyin fi ń gbó. Ìdàgbà rẹ̀ ń gba ọ̀pọ̀ oṣù. Nǹkan bí ọjọ́ 85 tó gbẹ̀yìn ló ń yára jù. Àtọ̀ tuntun náà ń gba bí oṣù méjì àtààbọ̀. Nítorí náà, bí dókítà bá ní kí ọkọ jáwọ́ nínú sìgá, kí ìyàwó sì máa lo folic acid, oṣù mẹ́ta ṣáájú ìtọ́jú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ti pẹ́ jù.

Lóṣooṣù, họ́mónù FSH tó ń ti inú orí wá máa ń jí àwọn àpò mélòó kan. Ọ̀kan á borí, á tóbi tó milimita 18 sí 22, á sì bẹ́. Àwọn tó kù á kú. Ẹ̀rù tí mo gbọ́ jù lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ni pé abẹ́rẹ́ IVF ń jẹ ẹyin ọjọ́ iwájú wọn tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. FSH ló wà nínú abẹ́rẹ́ náà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kí àwọn àpò tí ì bá kú lóṣù yẹn yè kí wọ́n sì gbó. Ẹyin oṣù tó ń bọ̀ kò sí nínú wọn.

Nígbà mìíràn, àpò méjì ló máa ń borí lẹ́ẹ̀kan náà láìsí abẹ́rẹ́ kankan, èyí tó ń bí ìbejì tí kò jọra. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa gan-an. Dókítà P. P. S. Nylander, tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, rí i pé ìbejì láàárín àwọn Yorùbá ju 40 lọ nínú 1,000 ìbímọ, ó sì rí i nínú ẹ̀jẹ̀ pé FSH àwọn ìyá ìbejì ga ju ti àwọn tó ń bí ọ̀kan ṣoṣo lọ. Bí ìbejì bá wà nínú ẹbí yín, ẹ sọ fún dókítà kó tó díwọ̀n abẹ́rẹ́.

Ara ẹranko la ti kọ́kọ́ kọ́ púpọ̀ nínú ìmọ̀ yìí. Ọdún 1827 ni Karl Ernst von Baer kọ́kọ́ rí ẹyin ẹran afọ́mọlọ́mú, lára ajá ló sì ti rí i. Ẹyin ajá máa ń jáde láìgbó, ó sì ń lo ọjọ́ méjì sí mẹ́ta sí i nínú túùbù tó ti ilé ẹyin lọ sí ilé ọmọ kó tó lè gba àtọ̀. Ewúrẹ́ àti màlúù ń tú ẹyin ní nǹkan bí ọjọ́ 21 síra wọn. Ehoro kì í tú ẹyin àfi bí akọ bá gùn ún, ìyẹn sì mú kó rọrùn fún onímọ̀ láti mọ wákàtí tí ẹyin rẹ̀ yóò jáde. Lára ehoro ni M. C. Chang ti fi hàn ní 1959 pé ẹyin tó pàdé àtọ̀ lóde ara lè di ọmọ ààyè. Ní ọjọ́ 25 oṣù keje 1978, wọ́n bí Louise Brown ní Oldham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìmọ̀ náà kò pẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Ní LUTH, ní Ìdí-Àràbà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladapo Ashiru kéde oyún àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní 1984, ọmọ sì wáyé níbẹ̀ ní 1989. Ẹni tó bá sọ fún yín pé nǹkan òyìnbó tí kò tíì dé ilẹ̀ yìí ni IVF, ẹ rán an létí àwọn ọdún yẹn.

Àyẹ̀wò tó ṣáájú owó ńlá

Bí ẹ ti ń bá ara yín lò déédéé fún oṣù 12 láìsí oyún, ẹ lọ rí dókítà. Bí ìyàwó bá ti lé ní ọdún 35, oṣù 6 ti tó. Bí nǹkan oṣù kì í bá wá déédéé, bí ẹ bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ ní ikùn rí, tàbí bí oyún kan bá ti bàjẹ́ tí àìsàn sì tẹ̀ lé e, ẹ má dúró rárá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2023 pé nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́fà lágbàáyé ló máa ń ní ìṣòro yìí nígbà kan láyé rẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú ohun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Tọkọtìyàwó ló gbọ́dọ̀ jọ lọ. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí bí ọ̀pọ̀ obìnrin ṣe ń lo ọdún mẹ́rin, márùn-ún lórí egbòogi àti iṣẹ́ abẹ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì yẹ àtọ̀ ọkọ wò. Nínú nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń wá ọmọ, ọ̀rọ̀ kan ọkùnrin. Àyẹ̀wò tirẹ̀ ló sì rọrùn jù: kò ní abẹ́rẹ́, kò dunni, owó rẹ̀ kéré sí ti ìyàwó. Kó má bá obìnrin lò fún ọjọ́ méjì sí méje ṣáájú, kó sì gbé àtọ̀ náà dé lábù láàárín wákàtí kan bó bá jẹ́ pé ilé ló ti gbà á. Nínú gòsílóò Festac Link Road, lábù tó sún mọ́ ilé, tàbí èyí tó ní yàrá tirẹ̀ fún un, ló dára jù. Bí ìyá ọkọ bá ti ń sọ̀rọ̀ sí ìyàwó, ọkọ ló yẹ kó sọ fún ìyá rẹ̀ pé àwọn méjèèjì ni wọ́n ń ṣàyẹ̀wò. Ọ̀rọ̀ náà kì í wúwo tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọmọ bíbí inú ẹni.

Fún obìnrin, ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ fún FSH. AMH, tó ń sọ bí ẹyin tó ṣẹ́kù ti pọ̀ tó, kò ní ọjọ́ kan pàtó. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: iye ni AMH ń sọ, kò sọ bí ẹyin ṣe dára tó, ọjọ́ orí ló ń sọ ìyẹn. Síkáànù á ka àwọn àpò kéékèèké, á sì wo bóyá ìju wà nínú ilé ọmọ. Lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá dá tán, kí ẹyin tó jáde, ni wọ́n ń ya fọ́tò túùbù tí wọ́n ń pè ní HSG. Ẹ má fò ó, nítorí túùbù tó dí wọ́pọ̀ púpọ̀ nílẹ̀ wa. Àtọ̀sí àti chlamydia tí wọn kò tọ́jú, oyún tí wọ́n ṣẹ́ níbi tí kò mọ́, àti kòkòrò tó wọlé lẹ́yìn ìbímọ ló sábà máa ń fà á. Genotype náà ṣe pàtàkì. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá jẹ́ AS, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nítorí pé wọ́n lè yẹ ọlẹ̀ wò nínú lábù kí wọ́n tó gbé e sínú, kí ọmọ má bàa ní àrùn SS.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ṣe àyẹ̀wò yìí ni yóò nílò IVF. Oògùn oníhóró tó ń mú ẹyin jáde ti tó fún àwọn kan.

Bí ẹ bá fẹ́ yan ilé ìwòsàn

Ẹ má tẹ̀ lé pátákó. Lábù ni ilé ìwòsàn IVF, ibi yòókù kàn jẹ́ yàrá ìdúró. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá HEFAMAA, àjọ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń bojú tó àwọn ilé ìwòsàn, ti forúkọ wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè orúkọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹyin nínú lábù, bóyá ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ tàbí ó ń ti ibòmíì wá. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń rí i dájú pé àtọ̀ àti ẹyin ẹnì kan kò bọ́ sínú àwo ẹlòmíì. Ó yẹ kí ẹni méjì máa fọwọ́ sí i ní gbogbo ìpele.

Ẹ wá béèrè ọ̀rọ̀ iná. Ìwọ̀n 37 lórí Celsius ni àpótí tí ọlẹ̀ ń dàgbà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà tọ̀sán-tòru. Èyí tí wọ́n bá dì sínú nitrogen olómi wà ní ìwọ̀n 196 nísàlẹ̀ òdo, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ máa bu nitrogen náà kún un. Nílùú tí iná ń lọ tó ń bọ̀, jẹnẹrétọ̀ kan kò tó. Ẹ ní kí wọ́n fi ìkejì àti bátìrì ínfátà hàn yín. Ilé ìwòsàn tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí ìbéèrè yìí.

Nípa iye tó ń ṣàṣeyọrí, ẹ béèrè iye obìnrin tó jẹ́ ẹgbẹ́ yín tó gbé ọmọ lọ sílé. Ẹni tí àyẹ̀wò fi hàn pé ó lóyún pọ̀ jù wọ́n lọ. Ní Britain, tí ìjọba ń gba àkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ gbogbo ilé ìwòsàn, nǹkan bí ọlẹ̀ kan nínú mẹ́ta ló ń di ọmọ lára obìnrin tí kò tíì pé ọdún 35 tó lo ẹyin ara rẹ̀. Lára ẹni ọdún 43 sí 44, ó jẹ́ bí ọ̀kan nínú ogún. Bí ẹnì kan l'Ékòó bá ṣèlérí ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún fún obìnrin ẹni ọdún 44 láìsọ pé ẹyin ọmọdébìnrin lòun máa lò, ẹ dìde kúrò níbẹ̀.

Lílo ẹyin ẹlòmíì jẹ́ ọ̀nà tó ti fún ọ̀pọ̀ ìdílé lọ́mọ, kò sì dín ìyá kù. Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ ni àwọn tó ń wá ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kiri láti ra ẹyin wọn láìsọ ewu tó wà níbẹ̀ fún wọn. Ẹ béèrè bóyá wọ́n yẹ ọmọbìnrin náà wò dáadáa, bóyá wọ́n là á yé e, àti ta ni yóò tọ́jú rẹ̀ bí ara rẹ̀ bá wú lẹ́yìn náà.

Ọ̀sẹ̀ méjì abẹ́rẹ́, àti ọ̀nà Mile 2

Ọjọ́ kejì nǹkan oṣù ni abẹ́rẹ́ sábà ń bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ ní wákàtí kan náà, fún nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 12, pẹ̀lú síkáànù láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta síra wọn. Púpọ̀ nínú àwọn abẹ́rẹ́ yìí gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n 2 sí 8 lórí Celsius. Bí iná kò bá dúró ládùúgbò yín, ẹ wá kúlà pẹ̀lú yìnyín, ṣùgbọ́n ẹ fi aṣọ sáàárín yìnyín àti abẹ́rẹ́, nítorí èyí tó bá dì ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ lè bẹ ilé ìwòsàn pé kí wọ́n máa fún yín ní ti ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta dípò gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Bí ilé ìwòsàn yín bá wà ní Erékùṣù Èkó, ọkọ̀ ojú irin Blue Line, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹsàn-án 2023, ń ti Mile 2 lọ sí Marina, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú gòsílóò. Ó dára fún ọjọ́ síkáànù. Fún Ìkẹjà tàbí Ìdí-Àràbà, ojú ọ̀nà mọ́tò lẹ máa gbà, ẹ sì mọ bí tírélà àti táńkà ṣe ń ṣe ọ̀nà Apapa sí Oshodi.

Abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn ni kò gba àṣìṣe rárá. Òun ló ń sọ fún ẹyin pé kó parí ìpín àkọ́kọ́ tó ti dá dúró láti inú ìyá. Wákàtí 34 sí 36 lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kó ẹyin. Bí wọ́n bá tètè kó wọn, wọn ò ní tíì gbó. Bí wọ́n bá pẹ́, àpò á ti bẹ́, ẹyin á sì ti bọ́ lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ kó ẹyin ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, agogo mẹ́sàn-án alẹ́ Ìṣẹ́gun ni abẹ́rẹ́ náà. Kí ọkọ àti ìyàwó jọ fi aago sí fóònù wọn. Ní alẹ́ Ọjọ́rú, bí ẹ bá ní àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń gbé nítòsí ilé ìwòsàn, ẹ lọ sùn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìmọ̀ràn tí mo rò pé ó níye lórí jù fún ará Festac nínú gbogbo orí yìí nìyẹn.

Kíkó ẹyin gan-an kì í ju ìṣẹ́jú 15 sí 20 lọ. Oògùn oorun ni wọ́n á fún yín, nítorí náà ẹ má jẹun láti òru, ẹ má sì wa ọkọ̀ fúnra yín padà. Bí ikùn bá wú láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, tí ẹ ń bì, tí ìtọ̀ dínkù, tí ìwọ̀n ara ń lé kílò kan lójúmọ́ tàbí tí mímí ń nira, ẹ pe ilé ìwòsàn lóru náà. Ilé ẹyin ti fèsì ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì lè pa èèyàn bí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀.

Kíka ohun tí lábù bá sọ

Ẹyin mẹ́wàá kì í ṣe ọmọ mẹ́wàá, ó sì yẹ kí wọ́n ti sọ èyí fún yín ṣáájú. Nínú mẹ́wàá, nǹkan bí mẹ́jọ ló ń gbó. Nínú mẹ́jọ náà, bí márùn-ún tàbí mẹ́fà ló ń gba àtọ̀; wákàtí 16 sí 18 lẹ́yìn tí wọ́n bá pàdé ni wọ́n ń wò ó. Méjì tàbí mẹ́ta ló ń dé ọjọ́ karùn-ún. Bí àtọ̀ kò bá lágbára, wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún ọ̀kan ṣoṣo wọ inú ẹyin. ICSI ni wọ́n ń pè é, Brussels ló sì ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1992.

Gbígbé ọlẹ̀ padà kì í dunni, kì í sì í nílò oògùn oorun. Ẹ ò nílò kí ẹ dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀; ìwádìí kò rí àǹfààní kankan nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa á fẹ́ kí wọ́n fi mẹ́ta sí i kí a lè gba Táyé àti Kẹ́hìndé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Oyún ìbejì àti ìbẹta máa ń tètè wálẹ̀ kó tó pé oṣù, ọmọ tó bá sì wá ní oṣù mẹ́fà ń fẹ́ ìtọ́jú tí ọ̀pọ̀ ìdílé kò lè san. Bí dókítà bá ní kí ẹ fi ọ̀kan sí i, kí ẹ di ìyókù pa mọ́, ẹ gbọ́ tirẹ̀, ẹ sì béèrè iye tí wọ́n ń gbà lọ́dún fún ìpamọ́.

Nǹkan bí ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí wọ́n kó ẹyin ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹ má fi igi àyẹ̀wò inú ilé ṣe é ṣáájú, nítorí abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn lè ṣì wà lára, kó sì purọ́ fún yín. Bí oyún bá wà, síkáànù ní ọ̀sẹ̀ kẹfà tàbí ìkeje ni yóò fi ibi tó wà hàn. Ìrora ní ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ kí ìyẹn tó dé túmọ̀ sí pé kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, torí oyún lè fìdí sínú túùbù lẹ́yìn IVF pàápàá. Bí kò bá sí oyún, ẹ béèrè pé kí dókítà bá yín jókòó. Kó sọ iye ẹyin tó gbó, iye tó gba àtọ̀, iye tó dé ọjọ́ karùn-ún, àti irú abẹ́rẹ́ tó lò pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ gba gbogbo rẹ̀ lórí ìwé, kí ẹ tó san owó ìkejì, kódà bó bá jẹ́ pé ilé ìwòsàn mìíràn lẹ ti máa san án.